Omíyalé Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Rí àti Ohun Tí Kò Rí

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba yẹn kan náà ló ti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, kò sì fi bò pé ara iṣẹ́ tí òun fẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun náà ṣe ni kó ran olùkọ́ lọ́wọ́. Àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ yóò wọ yàrá ẹ̀kọ́, yóò wọ ilé, yóò di olùkọ́ kejì. Èyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nídìí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn, òun ló sì fa ìbéèrè tí mo ti ń bi wọ́n láti ọdún pípẹ́: olùkọ́ kejì yìí, kí ló ti kọ́ yín nípa àyípadà ojú ọjọ́? Ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ọdún dé ọdún, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ yẹ kó kọ gbogbo àwa tí a ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ jẹun lóminú.

Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ sọ pé orí tẹlifíṣọ̀n làwọn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí àwọn tó bá a pàdé nínú ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí àjọ Afrobarometer gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2019 lórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà 34, ènìyàn 58 péré nínú 100 ló ní òun ti gbọ́ nípa àyípadà ojú ọjọ́ rí. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ orúkọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣíwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an. Á dárúkọ òkè yìnyín tó ń ya lulẹ̀ sínú òkun, béárì funfun tó dá dúró lórí yìnyín tó ń yọ́, igbó tó ń jó ní Ọsirélíà tàbí ní California. Bí ẹ bá wá béèrè pé nílé ńkọ́, á ní òun rí omíyalé, òun ń rí i lọ́dọọdún, àmọ́ kò kà á mọ́ ti àkọ́kọ́. Inú àpótí ọ̀tọ̀ ló tọ́jú u sí. Àyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ ti yìnyín àti ti òyìnbó. Omíyalé jẹ́ ti gọ́tà, ti ìjọba, ti àmúwá Ọlọ́run. Èrò tèmi ni pé tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló kan àpótí méjèèjì yìí fún un, àti pé níwọ̀n ìgbà tí àpótí náà bá ṣì wà ní méjì, àwòrán mélòó kan sí i kò lè mú kó lóye.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìlérí tí tẹlifíṣọ̀n ṣe fún wa nìyẹn, pé yóò sọ ìròyìn di àfojúbà, pé ẹni tó jókòó sílé ní Ìṣẹ́yìn yóò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ó mú ìlérí náà ṣẹ dé àyè kan. Ẹ jẹ́ ká wo ìròyìn omíyalé kan bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é. Oníròyìn dúró nínú omi tó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan ru fóòmù, omi ń kán tó, tó, tó láti etí fóòmù náà. Kámẹ́rà yí sí ògiri, ó fi ibi tí omi ga dé hàn: ilà ẹrẹ̀ pupa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé. Fíríìjì kan dojú dé nílẹ̀, àwọn ìwé ọmọ iléèwé wú bí ẹ̀kọ. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu, kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, ó ní kí ará ìlú yé da ìdọ̀tí sójú àgbàrá. Wọ́n pín àpò ìrẹsì. Oníròyìn dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ìlú, ó parí. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì rí ojú ìyá yẹn kò ní í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ bí òjò náà ti pọ̀ tó sí ti àtẹ̀yìnwá? Ta ló béèrè ohun tí àjọ NiMet, tó máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ti rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ti wí nípa agbègbè náà? Ẹkún ni akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ohun tó fa ẹkún kò hàn sí i.

Ọdún 2022 ló fi èyí hàn kedere jù. Omíyalé ọdún náà pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé wọn. Lórí tẹlifíṣọ̀n wa, orúkọ kan ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan: Lagdo, ìdídò tí Kamẹrúùnù kọ́ sórí odò Bẹ́núè. Wọ́n ní omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ló pa wá, wọ́n sì rán wa létí ìdídò Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, èyí tó yẹ kí ìjọba tiwa kọ́ láti fi gba omi yẹn dúró tí kò kọ́. Ẹjọ́ tó tọ́ ni, mi ò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ World Weather Attribution gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé àyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti sọ òjò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan lágbègbè adágún Chad di ohun tó rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80, òjò náà sì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 pọ̀ ju bí ìbá ti rí lọ. Ní ìsàlẹ̀ odò Ọya, irú òjò líle ọlọ́jọ́ méje tó rọ̀ níbẹ̀ ti di ohun tó fi ìlọ́po méjì ṣeé ṣe jù ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó so àpótí méjèèjì pọ̀ nìyí, ó dé nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára ògiri àwọn ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun kò gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n rí, mo máa ń gbà á gbọ́, nítorí nọ́ńbà kò ní ojú tí kámẹ́rà lè yà. Afẹ́fẹ́ kábọ́nù kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó pọ̀ láyé, nǹkan bíi 280 ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ó ti kọjá 420 báyìí. Kò sí ọjọ́ kan tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ tí oníròyìn lè sáré lọ síbẹ̀. Ohun tó bá ní ojú, tó ní ariwo, tó sì ní òpin ni tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn, ìdí ọ̀rọ̀ kò sì ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ewu wà lódì kejì pẹ̀lú, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó wọ ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé òkú ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, àwọn afárá bá omi lọ, kódà omi wọ ọgbà ẹranko àti oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbé gbogbo èyí ka àyípadà ojú ọjọ́ lórí ti ṣe ojúsàájú fún ẹni tó kọ́lé sí etí odò àti ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ilé náà. Òjò ni òjò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òjò yẹn rọ̀ sí, ènìyàn ló bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ọpọlọ dání máa ń tọ́ka sí èyí, wọ́n ní bí tẹlifíṣọ̀n bá ti ń pe àyípadà ojú ọjọ́ ju bó ti yẹ lọ, ọ̀nà àbáyọ ló ń wá fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n jàre. Ohun tí mo ń béèrè kọ́ ni pé kí orúkọ náà máa jáde nínú gbogbo ìròyìn. Mo ń béèrè pé kí oníròyìn kó okùn méjèèjì lọ́wọ́ pọ̀, kó sọ èyí tó jẹ́ ti òjò tó ń le sí i àti èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ wa, kó má fi ọ̀kan bo èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ti èdè. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì fi ń rò ó. Nígbà tí ìròyìn Yorùbá bá dé, a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí àyípadà ojú ọjọ́, a sì máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n kí ni ojú ọjọ́ lẹ́nu Yorùbá? Ojú ọjọ́ ni bí òní ti rí: ojú ọjọ́ ṣú, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ohun tó ń yí padà ni tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà bí wọ́n bá sọ fún bàbá àgbẹ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà, á fèsì pé ìgbà wo ni kì í yí padà, èsì rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un mu. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì á rò pé bàbá kò mọ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ bàbá yìí gan-an ló mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ kì í dé lásìkò mọ́, pé ó ń tan ni, á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún lọ, tí irúgbìn á sì jóná nílẹ̀. Òun ló mọ̀ pé ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ, tí wọ́n fi ń sá àgbàdo, kò ṣeé fọkàn tẹ̀ mọ́, àti pé àrọ̀kúrò lè wá ju ohun tí kòkó fẹ́ lọ kí èso máa dúdú lórí igi. Àkọ́rọ̀, àrọ̀kúrò, ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́: àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni Yorùbá fi ń sọ ohun tí onímọ̀ ń pè ní climate, wọ́n sì ti wà lẹ́nu wa kí kámẹ́rà tó dé. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kan oúnjẹ ìlú kò yẹ kó jẹ́ àgídìgbo. Bí ètò ojú ọjọ́ tó ń tẹ̀lé ìròyìn alẹ́ bá lè kúrò lórí máàpù tó kún fún àwòrán oòrùn àti kùrukùru, tí yóò sọ pé àkọ́rọ̀ ọdún yìí fi ọ̀sẹ̀ báyìí pẹ́ ju ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ, akẹ́kọ̀ọ́ àti bàbá rẹ̀ á gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n á bi mí pé ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sórí fóònù, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ọ lójúkojú. Àwọn mìíràn á ní iná ńkọ́, ta ni yóò da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ètò lórí ojú ọjọ́. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwòrán omíyalé tó ń káàkiri lórí fóònù, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gé e. Ti iná náà, ẹ wo bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí epo lálẹ́ tí ìdíje ńlá bá wà: ohun tí ọkàn bá fẹ́, ọwọ́ á wá owó rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wo fóònù tirẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ tó ń kọ́lé sétí odò kò rí i, ìyá rẹ̀ tó ń dá èédú sun kò rí i, kò sì sí ẹni tí wọ́n jọ máa jiyàn lé e lórí. Tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ ni gbogbo ilé jọ ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló lè sọ ohun tó mọ̀ di ọ̀rọ̀ tí àgbà ilé kò lè pè ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru náà báyìí tí wọn kò ní ẹnu láti fi sọ ọ́ nílé.

Pé tẹlifíṣọ̀n lè ṣe é, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ń pariwo pé kí ènìyàn padà sóko, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, NTA, gbé eré Cock Crow at Dawn jáde, ìtàn ẹbí kan tó fi ìlú ńlá sílẹ̀ lọ dáko. Ènìyàn gbàgbé pé ìkéde ni. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọkọ àti ìyàwó yóò fara dà á, bóyá àgbàdo yóò hù. Ìdí ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ní ojú, eré lè ya ojú fún un, nítorí eré lè tẹ̀lé ẹnì kan láti àkókò gbígbìn dé ìkórè, kó fi ọdún mẹ́wàá sínú wákàtí kan. Ìròyìn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn òṣèré Yorùbá, tí wọ́n mọ bí a ti ń fi ogún àti orogún gbé ìtàn ọ̀pọ̀ ọdún ró, kì í sábà fọwọ́ kan òjò tó pẹ́ àti òkun tó ń jẹ ilẹ̀.

Àtakò kan ṣì kù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé dìde pẹ̀lú ìbínú, ìbínú náà sì tọ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Ìpín Nàìjíríà nínú afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí gbogbo ayé ń tú jáde kò tó ìdá kan nínú 100. Kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n fi ń wàásù fún ẹni tó ń fi igi dáná? Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Mo fara mọ́ ọn, ó sì wà lára ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Ní ìpàdé àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́ tó wáyé ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń jìyà àdánù ohun tí wọn kò fà. Ẹni tó fẹ́ gba owó ìtanràn gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó sọnù. Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 sí etí òkun, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan fún iná mànàmáná àti iṣẹ́ ọwọ́. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé òpópónà, ó ṣì ń bọ̀. Omi òkun tó ń ga sí i wà níbẹ̀, epo tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ lágbègbè náà wà níbẹ̀, ọ̀ràn náà kò ní ojú kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣàpèjúwe béárì orí yìnyín kò lè sọ ibi tí Ayétòrò wà. Fíìmù béárì ti wà nílẹ̀, òyìnbó ti ṣe é tán, owó rẹ̀ kéré. Láti dé Ayétòrò, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra epo, kó háyà ọkọ̀ ojú omi, kó sì sùn síbẹ̀. Mo mọ bí àpò àwọn iléeṣẹ́ wa ti rí. Síbẹ̀ ibi tí wọ́n bá rán kámẹ́rà lọ ni ọ̀dọ́ yóò mọ̀ sí ibi tó ṣe pàtàkì.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè pé kí ni kí àwọn ṣe, tí ìdáhùn tẹlifíṣọ̀n sì ń rí wọn lára bí ìwàásù: ẹ gbin igi, ẹ má da ọ̀rá sí gọ́tà. Wọ́n rí ọlọ́lá tó fi ṣọ́bìrì bu iyẹ̀pẹ̀ lé ìdí igi kékeré kan níwájú kámẹ́rà. Wọn kò rí igi náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń wá. Èmi ì bá fẹ́ kó wá sí etí Ògùnpa tàbí odò Ọ̀nà nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ẹkún kò sí, tí ìrẹsì kò sí láti pín. Omi odò á ti fà, a lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Ọ̀rá omi ti gan mọ́ ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá rẹ̀, ìpele lórí ìpele, ọdún lórí ọdún. Lókè díẹ̀, níbi tí ilà omi ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri ilé àtijọ́ kan, ẹnì kan ti ta okùn ìpìlẹ̀ tuntun, búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀, àwọn bíríkìlà sì ti ń po sìmẹ́ǹtì.